Ihò Ìdí Ògiri

Bíríkìlà kan wà ní ìlú kan tí odò gba àárín rẹ̀ kọjá. Ogójì ọdún ni ó fi kọ́lé fún àwọn ẹlòmíràn kí ó tó fẹ̀yìntì sínú èyí tí ó kọ́ fún ara rẹ̀. Ilé náà kò tóbi. Yàrá mẹ́ta ni, pálọ̀ kan, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èèyàn mẹ́rin lè jókòó sí bí wọn kò bá na ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ògiri kan níbẹ̀ tí ó wọ́, kò sì sí igun kan tí ó yẹ̀. Inú ọkùnrin náà máa ń dùn bí ó bá jókòó síta tí ó ń wò ó, bí ìyá tí ń wo ọmọ rẹ̀ tí ń jẹun.

Ní igun pálọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ihò kékeré kan wà tí ó yọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò ju ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè gbà kọjá lọ. Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ó ní kí ó máa fi irú ihò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú gbogbo ilé tí ó bá kọ́, torí pé ilẹ̀ símẹ́ńtì kì í mu omi. Bí ìyàwó ilé bá da omi sílẹ̀ láti fọ pálọ̀, ibẹ̀ ni yóò fi ìgbálẹ̀ gbá a gbà jáde. Ìwọ náà ti rí irú rẹ̀ rí nínú àwọn ilé àtijọ́. Kò sí ẹni tí í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàwó bíríkìlà yìí mọ ihò náà bí ó ṣe mọ ẹnu ara rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé gbogbo, yóò ká kápẹ́ẹ̀tì, yóò ti àga sẹ́yìn, yóò da omi ọṣẹ sílẹ̀, yóò wá bẹ̀rẹ̀, yóò máa fi ìgbálẹ̀ lé omi náà lọ sí igun. Bí ó bá ti ń gbá a ni yóò máa kọrin. Kò ní ohùn orin, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ yóò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rédíò, yóò máa yí ohùn rédíò sókè, obìnrin náà yóò sì máa gbé orin tirẹ̀ sókè sí i. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe èyí.

Ní ọdún kan, nínú oṣù Keje, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì láìdá. Àwọn ará àdúgbò ti fi ọ̀rá àti ike omi kún inú gọ́tà, àgbàrá kò rí ọ̀nà gbà, ó sì yà sí àwọn ilé. Bíríkìlà wa jókòó sórí àga nígbà tí omi dé. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó tún gba inú ihò ìdí ògiri wọlé, ó ń tú jáde níbẹ̀ bí ìgbà tí ẹnì kan dúró sí ẹ̀yìnkùlé tí ó ń bu ú sínú ilé. Kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, sálúbàtà bàbá ti ń wẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Omi wọ yàrá, ó kan ẹsẹ̀ ibùsùn, ó sì wọ inú àpótí tí ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ sí lábẹ́ ibùsùn náà. Nígbà tí wọ́n sá aṣọ yẹn, pupa ẹrẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi kó ẹrẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí, ìyàwó náà jókòó, ó ní, “Bàbá Mopélọ́lá, mo ti bá yín gbé nínú ilé yìí láti ìgbà tí kò tíì ní fèrèsé. N kò ráhùn rí. Ṣùgbọ́n ara mi kò gba ọ̀tútù mọ́. Bí omi bá tún kan ẹsẹ̀ ibùsùn mi lẹ́ẹ̀kan péré, ilé Mopélọ́lá ni màá ti máa lo ìgbà òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ óò máa rí mi.”

Kì í ṣe àwàdà. Orí òkè ni ọmọ wọn obìnrin ń gbé, ní ìlú tí omi òjò kì í dúró sí, yàrá sì wà nílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá ka oṣù lórí ìka. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, oṣù méje! Òun tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí oúnjẹ ni àyà rẹ̀ ṣe já. Ó fẹ́ràn obìnrin náà. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún ọ bẹ́ẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Bíríkìlà ni, ohun tí ó mọ̀ ọ́n sọ ni símẹ́ńtì.

Nítorí náà ó po símẹ́ńtì. Ihò ìdí ògiri ni ó kọ́kọ́ kọjú sí. Ó fi òkúta dí i, ó fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dán an títí ojú kò fi lè mọ ibi tí ihò náà wà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Ó bi í pé, “Níbo ni kí n wá máa gbá omi ìfọlé sí?”

Ó ní, “Fi àkísà nù ún.”

Lẹ́yìn náà ó mọ odi kékeré sí ẹnu ọ̀nà iwájú, ó mọ òmíràn sí ti ẹ̀yìn, búlọ́ọ̀kù kan ní gíga. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ní ọdún kejì, omi ojú ọ̀nà gòkè díẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sọ ọ́ di búlọ́ọ̀kù méjì. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjì kan fẹ́ òjò gba àwọn ihò atẹ́gùn tí ó wà lókè ògiri wọlé, díẹ̀ ló kù kí ó ta sórí ibùsùn. Ó gun àkàbà, ó sì dí gbogbo wọn, yàrá dé yàrá. Ó fi ọ̀rá bo fèrèsé láti ìta. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí òjò náà wá bá òun wàyí.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, omi kò wọlé mọ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀, bàbá yóò gbé àga sí ẹ̀yìn odi rẹ̀, yóò gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, yóò máa wo àgbàrá tí ń kọjá lọ. Yóò máa kí i pé, “O kú ìrìn o. Ilé yìí kọ́ ni wọ́n rán ọ sí o.” Inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀ gbẹ, kí ni ó tún kù?

Ó ku àlejò. Ọ̀rẹ́ kan wà fún un, káfíńtà ni, òun ni ó kan òrùlé ilé náà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni káfíńtà yìí máa ń wá ta ayò ní pálọ̀. Orúnkún rẹ̀ òsì sì ti ń dùn ún láti ọjọ́ tí ó ti já láti orí òrùlé kan. Nígbà tí odi jẹ́ búlọ́ọ̀kù kan, ó di ara ògiri mú, ó kọjá. Nígbà tí ó di méjì, ó dúró síta.

Ó ní, “Ṣé ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀ ń ṣe nínú ibẹ̀ yẹn ni?”

Bíríkìlà ní, “Gùn ún, ọ̀rẹ́ mi, kò ga tó bẹ́ẹ̀.”

Káfíńtà ní, “Orúnkún mi ni kí o sọ ọ́ fún, kì í ṣe èmi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wọlé lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, láti ojú ọ̀nà ni ó ti ń kí wọn, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin tí ń gbé lókè ọ̀nà, tí ó máa ń wá yá ọlọ, dẹ́kun wíwá nígbà tí ó lóyún. Olùṣọ́àgùntàn wá bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ó tó lè kọjá, gbogbo àdúgbò sì rí sọ́kísì rẹ̀ tí ó jẹ́ oríṣi méjì. Kò padà wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, káfíńtà tún dúró lójú ọ̀nà, ó gbójú sókè, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, páànù rẹ ní apá ìwọ̀ oòrùn ti ń gbéra o. Èmi ni mo kàn án, mo mọ ohun tí mò ń wò. Gbé nǹkan kan sí ẹnu ọ̀nà kí n tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí n lọ wò ó láti inú àjà.”

Bíríkìlà rò pé ọgbọ́n ni ó fẹ́ fi mú kí òun wó odi. Ó ní, “Omi ilẹ̀ ni ó ń bá ilé yìí jà, kì í ṣe omi òkè.” Káfíńtà mi orí, ó sì fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sílé.

Ó tún ku ooru. Ooru inú ilé náà kò jọ ti ibòmíràn. Ooru ọ̀rinrin ni, bí ìgbà tí a dé ìkòkò nígbà tí oúnjẹ inú rẹ̀ ṣì gbóná. Atẹ́gùn kò rí ibi wọlé, kò rí ibi jáde. Ògiri ń làágùn. Iyọ̀ yọ́ nínú agolo. Búrẹ́dì tí wọ́n bá rà láàárọ̀ yóò ti bu ní ọjọ́ kejì. Bàtà tí bàbá fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì hu irun funfun bí àgbàlagbà. Bí o bá ṣí àpótí aṣọ, òórùn tí yóò kí ọ, o kò ní fẹ́ dá a lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ilé kò mí dáadáa. Bàbá wo ibi tí ògiri ti ń làágùn, ó po símẹ́ńtì díẹ̀, ó tún un rẹ́.

Bí obìnrin náà bá ti fẹ́ ráhùn, ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí ó máa ń bi í. “Ṣé omi kan ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ?”

“Kò kàn án.”

“Ó ti parí.”

Òótọ́ ni, omi kò kàn án. Obìnrin náà ti sọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́, ó dúró sílé. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, àkísà àti báàkẹ́ẹ̀tì ni ó fi ń nu ilẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ènìyàn kì í sì í fi àkísà nulẹ̀ kọrin. Bàbá a wà lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ ketekete nísinsìnyí. Ó mọ̀ pé nǹkan kan dín nínú ilé náà, ó wá a, ó yẹ aago wò, ó yẹ rédíò fúnra rẹ̀ wò, kò rí i.

Ọdún kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán ni. Ìjì ni ó kọ́kọ́ dé. Ó ń fẹ́ ewé àgbàdo àti ìyẹ́ adìẹ kọjá lójú ọ̀nà. Bàbá dìde, ó lọ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé odi rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó ń retí àgbàrá. Ó gbọ́ ìró kan lókè, ó dàbí ìgbà tí ọkọ̀ bá ń da òkúta sílẹ̀. Páànù méjì ní apá ìwọ̀ oòrùn ti gbéra. Wọ́n fò kọjá lórí igi máńgòrò, wọ́n sì lọ balẹ̀ sí pápá ilé ẹ̀kọ́.

Òjò tẹ̀lé e. Kò gba ẹnu ọ̀nà, kò gba ìdí ògiri. Láti ojú ọ̀run ni ó ti ń bọ̀ tààrà. Àjà pálọ̀ mu omi, ó wú, ó sì já lulẹ̀. Ti yàrá tẹ̀lé e. Omi ń dà sílẹ̀ bí ẹni pé odò ti yí ọ̀nà padà gba òkè. Ó bo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó wá ibi tí yóò gbà jáde, ó dé ẹnu ọ̀nà iwájú, odi dá a padà. Ó lọ sí ti ẹ̀yìn, odi dá a padà. Ó dé igun pálọ̀, ibẹ̀ dán bí àwo.

Ohun tí ó wá dun bàbá jù ni ìta. Ẹgbẹ́ onílé ti kó gbogbo ìdọ̀tí inú gọ́tà lọ́dún yẹn, àgbàrá sì ń gba inú rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ní gbogbo àdúgbò, ilé kan ṣoṣo ni omi wọ̀ lọ́jọ́ náà, ilé náà sì ni èyí tí omi kò lè wọ̀.

Ó mú abọ́, ó ń bu omi dà sí òdìkejì odi. Bí ó bá da abọ́ kan síta, abọ́ mẹ́wàá a bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Káfíńtà ti rí páànù tí ń fò, ó sì mọ ibi tí ó ti wá. Ó fi agbòjò bo orí, ó ń tiro bọ̀. Ó dúró sí ojú ọ̀nà tí kò sí omi níbẹ̀, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó dúró nínú omi nínú pálọ̀.

Ó ní, “Ẹ kú ìwẹ̀ o.”

Bíríkìlà tún da abọ́ kan síta. Omi ti dé agbedeméjì ojúgun. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ lé orí. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ibùsùn ni ó ń wò. Omi ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti kọjá ẹsẹ̀, ó ti ń kan pákó. Àwọn méjèèjì rí i, wọ́n sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Bàbá ju abọ́ sílẹ̀, ó mú òòlù, ó kọjú sí odi ẹnu ọ̀nà. Ó lù ú. Òòlù ta padà. Ó tún lù ú, odi náà kò sán. Òun ni ó po símẹ́ńtì yẹn, ó sì pò ó dáadáa. Kò sí iṣẹ́ tí ó ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ké sí i pé, “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Bàbá Mopélọ́lá. Ihò mi ńkọ́?”

Ó wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi lọ sí igun pálọ̀, àpótí ṣì wà lórí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kékeré kan kúrò. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ìdí ògiri lábẹ́ omi, ó dúró, ó ní, “Ibí yìí.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Mo ti gbá omi síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ẹ̀yin dí i, ẹ gbàgbé. Ẹsẹ̀ mi kò gbàgbé.”

Bàbá kúnlẹ̀ níbẹ̀. Omi dé itan rẹ̀. Ó fi irin ẹlẹ́nu mímú sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ fi ẹsẹ̀ hàn án, ó ń lù ú nínú omi láìrí ohun tí ó ń lù. Ó lu ìpele símẹ́ńtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí òkè, èyí àárín, èyí ìsàlẹ̀. Ó kan òkúta. Ó ti òkúta náà, ó lọ. Omi mú ọwọ́ rẹ̀ mọ́ inú ihò, ó fà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú ariwo bí akọ màlúù tí ń mumi.

Ìyàwó rẹ̀ gbé àpótí ka orí tábìlì. Ó na ọwọ́ mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń lé omi lọ sí igun. N kò rò pé ó mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ohùn rẹ̀ kò tíì dára sí i. Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, òjò ń dà sí i lórí nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, ó gbọ́ orin náà, ó sì mọ ohun tí ó ti ń wá nínú aago àti nínú rédíò láti ọdún mẹ́ta. Ó sunkún. Omi pọ̀ lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ì bá mọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ mọ̀.

Bàbá ní, “Omi ti kan ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ.”

“Mo rí i.”

“Jọ̀ọ́, má lọ. Bí o bá lọ, ilé yìí ò ní dùn mọ́ mi.”

Obìnrin náà dá ìgbálẹ̀ dúró. Ó ní, “Ẹ ò sọ irú èyí fún mi rí.”

“Mo rò pé o mọ̀.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ẹ wó odi ẹnu ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá ti wó o, n kò lọ síbì kankan.”

Ọjọ́ méjì ni ó fi wó odi méjèèjì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó. Káfíńtà ni ó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Kò tilẹ̀ wo òrùlé ná. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ àtijọ́, ó na orúnkún òsì, ó ní kí wọ́n gbé ọpọ́n ayò wá. Nígbà tí ó pa bíríkìlà láyò lẹ́ẹ̀mejì tán ni ó tó gun òkè lọ kan páànù.

Bàbá kò wá fi ilé sílẹ̀ gbayawu fún àgbàrá. Kí o má rò bẹ́ẹ̀. Ó kó erùpẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè dà sí apá gọ́tà. Ó ya ọ̀rá ojú fèrèsé kúrò, ó ṣí àwọn ihò atẹ́gùn, ó fi nẹ́ẹ̀tì sí wọn nítorí ẹ̀fọn. Káfíńtà gbẹ́ igi kékeré kan tí ó bá ihò ìdí ògiri mu rẹ́gí, ó so okùn mọ́ ọn. Bí àgbàrá bá ń bọ̀ láti ìta, wọn a fi dí i. Bí omi bá wà nínú ilé, wọn a fà á yọ. Ní ti búlọ́ọ̀kù tí ó yọ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá ṣa mẹ́rin tí kò fọ́ nínú wọn, ó sì gbé ẹsẹ̀ ibùsùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé wọn lórí. Ibùsùn náà wá ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lo àpótí ìjókòó láti gùn ún.

Oṣù Keje ọdún tí ó tẹ̀lé e, omi wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wọlé, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyàwó bíríkìlà jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀ gíga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì dìrọ̀dìrọ̀ lókè omi, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí omi ìta fà, bàbá fa igi inú ihò yọ. Wọ́n gbá omi náà tán kí ọbẹ̀ tó jinná lórí iná, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kejì ilẹ̀ ti gbẹ. Ikọ́ ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Iyọ̀ dúró ní iyọ̀ nínú agolo rẹ̀.

Ó yá, ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí. Àbúrò rẹ tú àṣírí rẹ, ó dùn ọ́, ó sì yẹ kí ó dùn ọ́. N kò bá ọ jiyàn. O wá sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé láti ọdún mẹ́ta o kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ mọ́, o kò lọ sí ìpàdé ẹbí, bí ìyàwó rẹ bá béèrè nǹkan o máa ń dá a lóhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. O ní láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó rí ọ pa lára. Mo gbà ọ́ gbọ́. Odi rẹ dára, o pò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kú nínú oṣù Kejì. Ìyẹn kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé sí ọ, kò sì sí odi tí ì bá dá a dúró. Gbogbo wa wà níbi ìsìnkú, mo wò ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú rẹ gbẹ. Ta ni o bá sunkún? Oṣù Keje la wà yìí. Omi náà ṣì wà nínú ilé, ó ti dé orúnkún rẹ, ìdí nìyẹn tí o kò fi sùn tí o fi ń wá mi kiri láti ìdájí.

N kò ní kí o lọ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ fún àbúrò rẹ lónìí. Gbẹ́ igi tí ó bá ihò mu, so okùn mọ́ ọn, kí o máa dí i nígbà tí ó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ihò náà gbọ́dọ̀ wà. Bí o bá ti gbàgbé ibi tí o ti dí i, ìyàwó rẹ kò gbàgbé. Dìde, máa lọ sílé, kí o lọ bi í.